Tí agbára kì í bá parẹ́, kí ló dé tí wọ́n ní èédú máa tán?

Màmá Àkọ́bí
Ẹ kú ilé o gbogbo ará. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí lọ́wọ́ ọmọ yìí. Ọmọ ọdún 14 ni, físíìsì ló gbé kalẹ̀ báyìí, ọ̀rọ̀ kan sì ti wà láàárín àwa méjèèjì láti ìrọ̀lẹ́ àná tí mi ò rí ìdáhùn sí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá wọ́n kọ́ wọn pé agbára, ẹ́nájì yẹn, kò sẹ́ni tó lè dá a, kò sẹ́ni tó lè pa á run, ó kàn ń pa àwọ̀ dà ni. Lọ́sẹ̀ yìí, tíṣà kan náà wá kọ ọ́ sójú bọ́ọ̀dù pé orísun agbára pín sí méjì, àsọdọ̀tun àti èyí tó ń tán. Ọmọ bá nawọ́, ó ní ẹ̀yin náà lẹ ní kì í parẹ́, báwo ló ṣe wá ń tán? Wọ́n ní kó jókòó. Ó jókòó lóòótọ́, ó wá gbé e wálé fún mi.

Èmi náà ní kó lọ sùn, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé mi ò ṣe dáadáa. Wọ́n sì fún wọn níṣẹ́ àṣetiléwá, kí wọ́n pín àwọn wọ̀nyí sí méjì: oòrùn, èédú (èyí tí wọ́n ń wà nínú ilẹ̀, kì í ṣe ti igi), epo rọ̀bì, gáàsì, omi ìdídò (dáàmù), afẹ́fẹ́, igi ìdáná, yuréníọ̀mù, ooru inú ilẹ̀, òkun tó ń kún tó ń fà, àti iná mànàmáná. Mo mọ bíi mẹ́rin nínú ẹ̀, lẹ́yìn ìyẹn ojú mi ṣókùnkùn. Ẹ dákun ẹ má kàn kọ ìdáhùn sílẹ̀ fún mi o, ẹ ṣàlàyé, torí tí mo bá ti dé ọ̀dọ̀ ẹ̀, "kí ló dé" ló máa kọ́kọ́ bi mí.

Ọ̀rọ̀ Ò Gùn
Ò le rárá. Oòrùn, omi, afẹ́fẹ́, igi àti òkun ni àsọdọ̀tun. Gbogbo èyí tó kù ń tán. Ẹ jẹ́ kọ́mọ lọ sùn.

Tíṣà Àtijọ́
Màmá, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ìbéèrè ọmọ yín dáa ju ìdáhùn tí wọ́n fún un lọ, ẹ bá mi sọ fún un pé tíṣà físíìsì kan tó ti fẹ̀yìn tì ló sọ bẹ́ẹ̀. Gbogbo ọdún tí mo fi kọ́ni, irú ọmọ tó máa nawọ́ níbi tóun nawọ́ sí yẹn ni mò ń wá.

Ọ̀rọ̀ méjì ló lọ́ mọ́ra wọn. Òfin yẹn, agbára ló ń sọ. Àsọdọ̀tun, orísun ló ń sọ. Ẹ sì wo orísun fúnra ẹ̀ lédè wa, ibi tí omi ti ń sun. Tí a bá fa omi kànga títí kànga fi gbẹ, ṣé omi yẹn ti kúrò láyé ni? Kò kúrò. Ó wà lára aṣọ tí a fọ̀, ó ti wọ ilẹ̀, ó ti gòkè lọ dìkúùkù. Ṣùgbọ́n kò sí nínú kànga mọ́, ẹni tó ju agbè sínú ẹ̀ báyìí, gbígbẹ ló máa fà jáde. Bẹ́ẹ̀ náà lèédú. Agbára inú ẹ̀ ò run, ibi tó kó jọ sí ló ti ṣófo.

Ó ku ìdí tí a ò fi lè kó o jọ padà. Ẹ gbé omi lítà kan kaná, kó bẹ̀rẹ̀ láti ìwọ̀n 25 títí táá fi hó ní 100. Agbára tó wọnú omi yẹn tó nǹkan bíi 314,000 júùlù, ìyẹn òṣùwọ̀n tí a fi ń ka agbára. Ká ní a lè fi gbogbo ẹ̀ gbé ẹrù kílò kan sókè ni, yóò gbé e dé nǹkan bíi kílómítà 32, ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta ibi tí ọkọ̀ òfúrufú elérò ń fò. Ẹ wá gbé omi yẹn kalẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ kó tutù. Júùlù kan ò sọnù. Gbogbo ẹ̀ wà nínú afẹ́fẹ́ yàrá, ó wà lára ògiri, ó wà lára àga, ṣùgbọ́n ó ti fọ́n ká débi pé ẹ ò lè fi gbé abẹ́rẹ́. Nǹkan tí à ń ná gan-an nìyẹn, kíkójọ agbára síbì kan, kì í ṣe agbára fúnra ẹ̀. Mo mọ̀ pé wọn ò tíì kọ́ wọn débẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ tó bá lè béèrè ti àná yẹn lè gbọ́ èyí.

Nígbà tí a bá wá fẹ́ pín wọn, ìyára méjì là ń wò: bí a ṣe ń fà á sí, àti bó ṣe ń sun padà sí. Èyí tó bá ń sun padà kó tó gbẹ ni àsọdọ̀tun. Èyí tó jẹ́ pé ọ̀rúndún mélòó kan la máa fi fa ohun tó fi ọgọ́rọ̀ọ̀rún mílíọ̀nù ọdún kó jọ, ìyẹn ń tán.

Ọ̀gá Jẹnẹrétọ̀
Tíṣà, mo gbádùn yín gan-an. Mi ò kàwé jìnnà, ẹ́ńjìnnì ni mò ń tún ṣe, ṣùgbọ́n ohun tí ẹ sọ yẹn ni mò ń fọwọ́ kàn lójoojúmọ́. Lítà pẹtiróòlù kan, agbára inú ẹ̀ tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 34 júùlù, tí ẹ bá fi yúnìtì iná kà á, ó lé ní yúnìtì 9. Ẹ da lítà yẹn sínú jẹnẹrétọ̀ kékeré, tí yúnìtì 2 bá jáde nínú wáyà ẹ dúpẹ́. Níbo ni méje tó kù wà? Ẹ gbé ọwọ́ súnmọ́ sàléǹsà, ẹ máa rí i. Ooru ni, ariwo ni, gìrìgìrì tó ń mi ilẹ̀ ni. Àwọn kọ́sítọ́mà máa ń sọ pé ẹ́ńjìnnì "jẹ epo", mo máa ń sọ fún wọn pé kò jẹ nǹkan kan, ó tu ú sáfẹ́fẹ́ ni.

Ẹ sì sọ fọ́mọ pé epo rọ̀bì ò lè padà wá mọ́ torí pé ara àwọn ẹranko ńláńlá ayé àtijọ́ yẹn ló ti wá, dáínósọ̀, wọ́n sì ti kú tán.

Ọmọ Jìọ́lọ́jì
Ẹ má bínú ọ̀gá, gbogbo ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì yẹn pé, ṣùgbọ́n ti dáínósọ̀ yẹn, ìtàn lásán ni. Epo rọ̀bì ò ti ara dáínósọ̀ wá. Àwọn nǹkan tíntìntín inú omi ni, èyí tí ojú lásán ò lè rí púpọ̀ nínú wọn, tí wọ́n ń léfòó lójú òkun. Wọ́n kú, wọ́n rì sísàlẹ̀, ẹrọ̀fọ̀ bò wọ́n kí wọ́n tó jẹrà tán, òkúta ń gun orí òkúta lé wọn, ooru abẹ́ ilẹ̀ wá sè wọ́n títí wọ́n fi di epo àti gáàsì. Èédú ní tiẹ̀, igi àti ewéko inú irà ni. Púpọ̀ nínú èédú ayé, sáà tó bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 359 ọdún sẹ́yìn tó sì parí ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 299 ló ti wá, àwọn onímọ̀ fi èédú sọ sáà náà lórúkọ pàápàá, Carboniferous. Dáínósọ̀ ò tíì dáyé nígbà yẹn.

Ohun kejì, kì í ṣe gbogbo ohun tó ń tán ló jẹ́ òkú nǹkan ayé àtijọ́ o. Ibẹ̀ ló máa ń kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sí páńpẹ́. Èédú, epo, gáàsì, òkú ohun ẹlẹ́mìí ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Yuréníọ̀mù, òkúta ni, a kì í dáná sun ún, átọ́ọ̀mù ẹ̀ là ń là sí méjì. Síbẹ̀ ó ń tán, torí kò sí nǹkan kan nínú ayé tó ń ṣe òmíràn, iná ìràwọ̀ tó kú kó tó di pé oòrùn wa wà ló rọ ọ́. Nínú gbogbo yuréníọ̀mù tí à ń wà nílẹ̀ sì rèé, irú èyí tó rọrùn láti là, tí wọ́n ń pè ní U-235, ò ju 0.7 nínú ọgọ́rùn-ún lọ.

Ọ̀gá Jẹnẹrétọ̀
Haa. Láti kékeré ni wọ́n ti ń parọ́ dáínósọ̀ fún mi. O ṣé, àbúrò.

Igi Ń Dá
Ọ̀rọ̀ Ò Gùn, mi ò fara mọ́ bí o ṣe ju igi sínú àsọdọ̀tun bí ẹni ju òkò. Igi tó fi ogún ọdún dàgbà, ẹni kan gé e lówùúrọ̀, ó jó tán kó tó dalẹ́. Kí ló sọ ìyẹn dọ̀tun? Mo ti rí ibi tí igbó wà tẹ́lẹ̀ tó jẹ́ pé koríko ló kù níbẹ̀ báyìí, òjò ti fọ ilẹ̀ ẹ̀ lọ, èèhù ò hù níbẹ̀ mọ́. Tí wọ́n bá bi mí, èédú tó ṣì tutù nigi ìdáná.

Ọ̀rọ̀ Ò Gùn
Igi máa ń hù. Èédú kì í hù. Ó tán.

Igi Ń Dá
Ó máa ń hù tí a bá jẹ́ kó hù.

Tíṣà Àtijọ́
Ẹ̀yin méjèèjì ń sọ nǹkan kan náà, ẹ ò kàn fẹ́ gbà fúnra yín ni. Nínú ìdánwò, àsọdọ̀tun ni kó kọ sí igi. Ṣùgbọ́n kó fi kún un pé bí gígé ò bá yá ju híhù lọ ni o. Tíṣà tó bá fi X sí ìyẹn, kó mú un wá fún mi. Ìwọ̀n ìyára tí mo sọ lókè yẹn náà ni, igi ló kàn jẹ́ ká rí i kedere, torí pé ọwọ́ wa ló wà bóyá á gbẹ tàbí kò ní gbẹ.

Kó má sì gbàgbé pé àsọdọ̀tun ò túmọ̀ sí pé kò léèéfín. Igi ń rú èéfín ju gáàsì lọ, gáàsì ló sì ń tán nínú àwọn méjèèjì. Yuréníọ̀mù ń tán, kò sì rú èéfín rárá. Ọ̀tọ̀ ni ìbéèrè "ṣé ó máa padà", ọ̀tọ̀ ni "ṣé ó mọ́".

Ìdídò
Ẹ jẹ́ kémi náà fi tèmi kún un, mo ti ṣiṣẹ́ nídìí ìdídò rí. Ọ̀tọ̀ tún ni "ṣé ó wà nígbà gbogbo". Omi odò, àsọdọ̀tun ni, oòrùn ń fà á sókè, òjò ń dà á padà, kò sẹ́ni tó ń jiyàn ìyẹn. Ṣùgbọ́n ọdún tí òjò bá kọ̀ tí kò rọ̀, ẹ máa rí àmì omi lára ògiri ìdídò tó ń sọ̀ kalẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ̀rọ kan á dúró, èkejì á dúró. Ìṣirò ẹ̀ ò ní àṣírí kankan: ìwọ̀n omi, ìlọ́po bí ilẹ̀ ṣe ń fà á, ìlọ́po gíga tó ti ń já bọ́. Omi kúbíìkì mítà kan, ìyẹn lítà 1,000, tó já láti ibi tó ga ní mítà 100, júùlù 980,000 péré ló gbé dání, kò tó ìdá mẹ́ta yúnìtì iná kan. Ìdí nìyẹn tí ìdídò fi máa ń fẹ̀ tó yẹn, ẹ ò lè fi ìkòkò omi méjì tanná ìlú. Ti Three Gorges ní Ṣáínà, tó tóbi jù lọ láyé nínú irú ẹ̀, mẹ́gáwáàtì 22,500 ni wọ́n ṣe é fún, ó sì gba odò ńlá odindi.

Bàbá Sólà
Ẹnikẹ́ni ò tíì fọwọ́ kan èyí tó kẹ́yìn nínú lísìtì màmá, àyàfi Ọ̀rọ̀ Ò Gùn tó tì í sínú "èyí tó kù". Iná mànàmáná kì í ṣe orísun. Ìránṣẹ́ ni. Ẹni tó ń gbé ẹrù láti ilé kan dé ilé kejì, ẹ ò lè bi í pé ṣé òun ló ni ẹrù. Bátìrì náà bẹ́ẹ̀. Háídrójìn tí wọ́n ń pariwo ẹ̀ náà, ẹni tó bá fi iná yọ ọ́ nínú omi, agbára tó fi yọ ọ́ pọ̀ ju èyí tó máa rí gbà padà nínú ẹ̀ lọ. Torí náà kí ọmọ fi iná mànàmáná sẹ́yìn lísìtì, kó kọ ọ́ pé "ó dọwọ́ ohun tí wọ́n fi ṣe é".

Ẹ jẹ́ kí n tún wí èyí, torí gbogbo ìgbà ni mò ń bá àwọn oníbàárà jà lórí ẹ̀. Agbára la fi ń pe ohun méjì lédè wa, ìyẹn náà sì ń dá kún ìdààmú. Wáàtì ni bó ṣe ń sáré wá sí. Yúnìtì ni iye tó ti wá, wáàtì 1,000 fún wákàtí kan ni yúnìtì kan. Oòrùn ọ̀sán gangan nígbà tí ojú sánmà mọ́, mítà kan níbùú mítà kan lóròó, nǹkan bíi wáàtì 1,000 ló ń rọ̀jò lé e lórí. Páńẹ́ẹ̀lì ìsinsìnyí ń mú nǹkan bí ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún, ìyẹn wáàtì 200. Ó máa gbà á ní wákàtí márùn-ún gbáko lábẹ́ irú oòrùn yẹn kó tó rí yúnìtì kan ṣoṣo. Ó sì ti sàn gan-an o, àwọn tó kọ́kọ́ gbé sólà sílíkọ́nì tó wúlò jáde ní Bell Labs ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1954, nǹkan bí ìdá 6 ni wọ́n rí.

Aláròjinlẹ̀
Ìdí nìyẹn tí sólà fi máa ń dáa jù níbi tí ooru bá ti mú ganrínganrín.

Bàbá Sólà
Rárá o! Ìmọ́lẹ̀ ló ń jẹ, kì í jẹ ooru. Ooru ń dà á láàmú ni. Bí ara páńẹ́ẹ̀lì bá ti kọjá ìwọ̀n 25, ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan tó bá fi gbóná sí i ń gé nǹkan bíi 0.4 nínú ọgọ́rùn-ún kúrò. Ẹ fọwọ́ kan páńẹ́ẹ̀lì tí oòrùn ti ń pa láti àárọ̀, á bó yín lọ́wọ́. Ọjọ́ tí oòrùn ràn, tí atẹ́gùn tútù sì ń fẹ́, ìyẹn gan-an lọjọ́ ẹ̀.

Aláròjinlẹ̀
Ó dáa, mo gbà. Ṣùgbọ́n ṣé ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni gbogbo ẹ̀? Oòrùn ló ń gbé omi sókè, oòrùn ló ń mú ibì kan gbóná ju ibì kan tí afẹ́fẹ́ fi ń fẹ́, oòrùn ni igi jẹ, oòrùn làwọn nǹkan tíntìntín inú òkun yẹn jẹ kí wọ́n tó di epo. Oòrùn ni gbogbo agbára ayé. Èédú, oòrùn àtijọ́ tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ ni. Kí la wá ń pín sí méjì?

Ọmọ Jìọ́lọ́jì
Ó dùn létí, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òótọ́, ṣùgbọ́n mẹ́ta nínú lísìtì màmá jáde kúrò níbẹ̀. Yuréníọ̀mù, mo ti sọ tiẹ̀. Ooru inú ilẹ̀, apá kan ṣẹ́ kù láti ìgbà tí ayé ṣẹ̀ṣẹ̀ ń di odidi, apá kan sì ń ti ara yuréníọ̀mù, tọ́ríọ̀mù àti pọtásíọ̀mù tó ń jẹrà díẹ̀díẹ̀ nínú òkúta wá. Ẹ̀kẹta ni òkun tó ń kún tó ń fà. Òṣùpá ló ń fà á jù, oòrùn ń ràn án lọ́wọ́, ṣùgbọ́n agbára tó wà níbẹ̀, yíyí tí ayé ń yí lórí ara ẹ̀ la ti ń yọ ọ́. Ilé iṣẹ́ iná La Rance ní Faransé ti ń fi ṣiṣẹ́ látọdún 1966. Òkun ti ń fa ayé sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ kó tó di pé èèyàn kan wà tó máa da tábáìnì sí i, òṣùpá ń fi nǹkan bíi sẹ̀ntímítà 3.8 sún kúrò lọ́dọ̀ wa lọ́dọọdún nítorí ẹ̀. Àsọdọ̀tun la ń pè é torí pé kò sí bí a ṣe lè fà á tó tí ayé á fi dúró.

Ọ̀rọ̀ Ò Gùn
Ooru inú ilẹ̀ ńkọ́. Mo fi sí èyí tó ń tán, ẹ ò tíì sọ pé mo jẹ̀bi.

Ọmọ Jìọ́lọ́jì
Àsọdọ̀tun ni gbogbo ìwé ń pè é, ibẹ̀ sì ni kí ọmọ fi sí. Ṣùgbọ́n mi ò ní sọ pé ẹ jẹ̀bi pátápátá. Ibì kan wà ní Califóníà tí wọ́n ń pè ní The Geysers, ibi tó tóbi jù láyé tí wọ́n ti ń fi ooru ilẹ̀ ṣe iná. Wọ́n fa èéfín omi gbígbóná sókè débi pé nígbà tó fi máa di ìparí àwọn ọdún 1980, ipá èéfín omi yẹn ti ń lọ sílẹ̀. Ooru wà lábẹ́ ibẹ̀, omi tó ń gbé e jáde ló ń tán. Wọ́n wá lọ fi páìpù fa omi ìdọ̀tí ìlú tí wọ́n ti sẹ́ wá, wọ́n ń rọ ọ́ padà sínú ilẹ̀ látọdún 1997.

Tíṣà Àtijọ́
Ẹ ò rí i! Kànga.

Màmá Àkọ́bí
Ẹ ṣeun ẹ ṣeun, Ọlọ́run á bá yín tọ́jú tiyín náà. Mo kà gbogbo ẹ̀ fún un. Ọ̀rọ̀ kànga yẹn wọ̀ ọ́ létí, omi gbígbóná tó gbé kílò dé kílómítà 32 ni kò gbà, ó lọ gbé kakulétọ̀, ó ṣe é, ó sì rí i pé bẹ́ẹ̀ náà ni. Lẹ́yìn náà ló ní kí n bi yín pé oòrùn fúnra ẹ̀ ńkọ́, ṣé òun ò ní tán ni?

Tíṣà Àtijọ́
Á tán. Háídrójìn tó ń sọ di hílíọ̀mù nínú ara ẹ̀ á tó o fún nǹkan bíi bílíọ̀nù 5 ọdún sí i. Tí a bá fẹ́ jẹ́ alágídí, kò sí àsọdọ̀tun kankan láyé, gbogbo ẹ̀ ń tán, ìyára ló yàtọ̀. Ọmọ yín ti débẹ̀ fúnra ẹ̀, ẹ kí i fún mi.

Ọ̀gá Jẹnẹrétọ̀
Màmá, tí kẹ̀kẹ́ tó ní dáínámò, ẹ̀rọ kékeré tí táyà ń yí kí iná kẹ̀kẹ́ lè tàn, bá wà nítòsí, ẹ dojú ẹ̀ délẹ̀, kí ọmọ fọwọ́ yí pẹ́dàlì láìtan iná, kó wá tan iná nígbà tó ń yí i lọ́wọ́. Ohun tọ́wọ́ ẹ̀ máa sọ fún un, mi ò lè kọ ọ́ síbí.

Màmá Àkọ́bí
A ti ṣe é. Ti àǹtí ẹ̀ la yá. Kó tó tan iná, kẹ̀kẹ́ ń yí fẹẹrẹ. Bó ṣe tan iná báyìí ni pẹ́dàlì wúwo lọ́wọ́ ẹ̀, ó dúró, ó wò mí, ó pa á, ó tún tàn án, bíi ìgbà mẹ́wàá. Ó ní nítorí gílóòbù kékeré yìí? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó yí i títí òógùn fi bò ó, iná ò sì mọ́lẹ̀ ju ìtànṣán ìbọn ọmọdé lọ. Ó wá bi mí pé ta ni orísun níbí yìí, mo ní ìwọ ni.

Ó ti parí iṣẹ́ àṣetiléwá. Igi ní àlàyé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ bí tíṣà ṣe wí, iná mànàmáná dá dúró nísàlẹ̀. Ṣùgbọ́n ó kọ orúkọ ara ẹ̀ kún àwọn àsọdọ̀tun, ó fi sí i nínú àkámọ́ pé "tí wọ́n bá fún un lóúnjẹ". Mo ní kó pa á rẹ́, ó ní kí ló dé.